Ètò Ìjọba Lórí Ìsanrajù Àgbàlagbà: Ìbéèrè Tó Ń Padà Wá àti Ìdáhùn Wọn

Àwọn ìbéèrè kan náà ló ń padà wá, ni mo ṣe kó wọn jọ síbí. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti lé ní ọdún 18 ni o. Ti ọmọdé yàtọ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìsanrajù gan-an?

Ìṣirò tí àwọn elétò ìlera ń lò ni BMI. Ẹ mú ìwọ̀n yín ní kílò, ẹ fi gíga yín ní mítà pín in, kí ẹ sì tún fi gíga kan náà pín èyí tó bá jáde. Ẹni tó ga ní mítà 1.70 tó wọn kílò 87, tirẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 30. Láti 25 sókè ni Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti ń sọ pé ara ti wúwo jù. Láti 30 sókè, ìsanrajù ti dé nìyẹn.

BMI kò mọ iṣan yàtọ̀ sí ọ̀rá, kò sì mọ ibi tí ọ̀rá jókòó sí. Ọ̀rá tó wà nínú ikùn ló léwu jù, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fi téèpù wọn ìbàdí pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, BMI kàn ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ni. Tó bá jẹ́ ti odidi orílẹ̀-èdè, ó wúlò dáadáa.

Kí ló kan ìjọba nínú ohun tí mò ń jẹ?

Ní ọdún 2022, WHO ka àgbàlagbà bíi mílíọ̀nù 890 tí wọ́n ní ìsanrajù káàkiri ayé. Láti ọdún 1990, iye wọn láàárín àgbàlagbà ti lé ní ìlọ́po méjì. Gbogbo ayé kò lè ṣàdéédéé di ọ̀lẹ àti alájẹkì láàárín ọgbọ̀n ọdún. Ohun tó yí padà ni oúnjẹ tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó, iye tí wọ́n ń tà á, iṣẹ́ tí à ń jókòó ṣe, àti ọ̀nà tí kò ṣeé fẹsẹ̀ rìn. Agbára ẹnì kan kò ká ìwọ̀nyí.

Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, orókún tó ti jẹ àti oríṣi àìsàn jẹjẹrẹ mélòó kan lè ti ìsanrajù wá, ìtọ́jú wọn sì ń gba owó. Níbi tí ìjọba bá ti ń sanwó ilé ìwòsàn, àpò gbogbo ìlú ni owó náà ti ń jáde.

Irú ètò wo ni ìjọba máa ń náwó sí?

Oríṣi méjì ni. Èkíní ń di ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ mú: ẹgbẹ́ tó ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìmọ̀ràn oníṣẹ́ ìlera, oògùn, iṣẹ́ abẹ. Èkejì ń fọwọ́ kan ibi tí èèyàn ń gbé àti ohun tó ń rà: owó orí lórí ohun mímu aládùn, àmì ara páálí oúnjẹ, òfin ìpolówó ọjà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ilé gbígbé. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n ọ̀kan wọn èkejì, àṣìṣe ni yóò bá padà. Owó orí kò lè mú kílò mẹ́wàá kúrò lára ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò sì lè yí orílẹ̀-èdè padà.

Ǹjẹ́ wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wọ ètò tó dára tí kò sì kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Fún odidi orílẹ̀-èdè, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2014 yẹ ọdún 33 wò, láti 1980 dé 2013, kò sì rí orílẹ̀-èdè kan tó ti mú ìsanrajù rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa láàárín àkókò náà.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni ohun tí wọ́n ń retí. Tí ẹni tó wọn kílò 100 bá fi kílò 5 sílẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń wálẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà máa ń wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fọkàn sí kílò ọgbọ̀n, aṣọ ìgbà ọ̀dọ́ ló ń wò nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nítorí náà ló ṣe máa ń jáde pẹ̀lú ìtìjú, tó ń sọ pé òun kùnà. Ó máa ń dùn mí púpọ̀, torí pé kò kùnà rárá.

Ètò wo ni ẹ̀rí rẹ̀ dájú jù?

Èyí tí wọ́n ń pè ní Diabetes Prevention Program ní Amẹ́ríkà. Ìjọba àpapọ̀ ló náwó tó pọ̀ jù sí i. Wọ́n kó èèyàn 3,234 jọ, àwọn tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n ṣẹ́ gègé pín wọn: apá kan ń lo oògùn metformin, apá kan ń lo oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, apá kẹta sì ní olùtọ́nisọ́nà tó bá wọn ṣe ẹ̀kọ́ 16 láàárín bí oṣù mẹ́fà, tí wọn kò sì já wọn jù sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Kí wọ́n dín ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa rìn tàbí ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀: àfojúsùn wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èsì jáde ní 2002, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Oògùn dín àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Olùtọ́nisọ́nà, oúnjẹ àti ìrìn dín in kù ní ìdá 58. Láàárín àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún sókè, ìdá 71 ni. Ìwọ̀n tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ní ìpíndọ́gba kò ju kílò 5.6 lọ. Ilẹ̀ Finland ti rí ìdá 58 kan náà lọ́dún tó ṣáájú, láàárín èèyàn 522.

Nígbà tó pé ọdún mẹ́wàá, àwọn ará Amẹ́ríkà yìí ti gba púpọ̀ nínú ìwọ̀n náà padà. Síbẹ̀ àtọ̀gbẹ láàárín wọn ṣì fi ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tó lo oògùn asán. Ní ìlú Da Qing ní Ṣáínà, níbi tí irú ètò báyìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1986 pẹ̀lú èèyàn 577, ọdún mẹ́fà péré ni wọ́n fi ṣe ètò náà. Wọ́n tọpa àwọn èèyàn yìí fún ọgbọ̀n ọdún. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin pẹ́ kí àtọ̀gbẹ tó mú àwọn tó ṣe ètò ju àwọn tí kò ṣe é lọ, ikú láàárín wọn sì fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Tí mo bá rí ẹni tó ń sọ pé gbogbo ètò yìí kò wúlò nítorí pé ìwọ̀n máa ń padà, Da Qing ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún un.

Báwo ni ìpàdé irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí?

Àwọn èèyàn bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nínú yàrá kan, fún bí wákàtí kan. Òṣùwọ̀n wà ní kọ̀rọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á bọ́ bàtà, á gun un, olùtọ́nisọ́nà á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ láìpariwo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí ìwé tí wọ́n ti ń kọ ohun tí wọ́n jẹ láàárín ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń yọjú: ìyá tó kọ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta sílẹ̀ rántí pé òun kò kọ ìyókù inú àwo ọmọ tí òun ń jẹ lálaalẹ́ kó má baà ṣòfò. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Wọ́n kàn jọ wá ohun tí wọ́n lè fi ìyókù yẹn ṣe.

Ibi tí wọ́n bá gbé ìpàdé sí náà ṣe pàtàkì. Àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó ń wọn ara. Ní Scotland, wọ́n gbé e lọ sí pápá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńláńlá 13: ọ̀sẹ̀ méjìlá, àwọn tó ń kọ́ wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, ibi tí wọ́n sì ń jókòó sí wòran tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá. Ìjọba ibẹ̀ wà lára àwọn tó náwó sí i. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi ọkùnrin 747 ṣe, tó jáde ní 2014, ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe é fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan fi nǹkan bíi kílò 5 ju ti àwọn tó ṣì ń dúró de ààyè lọ.

Ṣé ọ̀sẹ̀ méjìlá tó, àbí ó yẹ kó gùn jù bẹ́ẹ̀?

Ó yẹ kó gùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣẹ́ gègé pín èèyàn 1,267: àwọn kan gba ìmọ̀ràn kúkúrú àti ìwé pẹlẹbẹ, àwọn kan wọ ẹgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, àwọn kan fún ọ̀sẹ̀ 52. Lẹ́yìn ọdún kan, kílò 3.3, 4.8 àti 6.8 ni wọ́n fi sílẹ̀ ní ìtẹ̀léra. Nígbà tó di ọdún kejì, gbogbo wọn ti gba díẹ̀ padà, ṣùgbọ́n àwọn olọ́sẹ̀ 52 ṣì ló ṣe dáadáa jù.

Ìjọba fẹ́ràn ọ̀sẹ̀ 12 torí pé ó dínwó, orúkọ púpọ̀ sì wọ ìwé. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù.

Kí ló dé tí ìwọ̀n fi máa ń padà? Ṣé ẹ̀bi mi ni?

Rárá. Ara kò mọ̀ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ń dín oúnjẹ kù ni. Ìyàn ló rò pé ó mú. Bí ọ̀rá bá ń lọ, họ́mónù leptin tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó máa ń lọ sílẹ̀, ghrelin tó ń pe ebi á gòkè, iná tí ara ń jó á sì rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ kó rí fún ìwọ̀n tuntun náà.

Ìwádìí kan láti Ọsirélíà ní 2011 bá àádọ́ta èèyàn ṣe oúnjẹ tó kéré gan-an fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọdún kan, họ́mónù ebi wọn kò tíì padà sí bó ṣe wà, ebi sì ṣì ń pa wọn ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bá irú ebi bẹ́ẹ̀ jà lójoojúmọ́, tí ètò sì ti fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ má ṣe pè é ní aláìlákòóso.

Ṣé eré ìdárayá nìkan kò tó?

Fún ọkàn, oorun, orókún, ọpọlọ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ó ṣe pàtàkì gan-an. Fún ìwọ̀n, agbára rẹ̀ nìkan kéré. Ohun tí èèyàn fi wákàtí kan rìn jó, ìṣẹ́jú márùn-ún ló lè fi mu ún padà nínú ìgò kan. Ibi tí ìrìn ti wúlò jù ni kí ìwọ̀n tó ti lọ má baà padà.

Owó orí lórí ohun mímu aládùn ńkọ́?

Ó ń dín ríra kù. Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ sí í gba pésò kan lórí lítà kọ̀ọ̀kan ní oṣù kìíní ọdún 2014. Iye tí àwọn èèyàn rà fi bí ìdá 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́dún àkọ́kọ́, ó di ìdá 9.7 lọ́dún kejì. Ọgbọ́n tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní 2018 tún jinlẹ̀ jù: kì í ṣe bí ohun mímu ṣe pọ̀ tó ni wọ́n wò, bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó ni. Ohun tó ní gíráàmù 5 nínú mílílítà 100 sanwó, èyí tó ní 8 sókè san jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú, àwọn ilé iṣẹ́ sì sáré dín ṣúgà kù kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó ń mu ún kò tilẹ̀ ní láti pinnu ohunkóhun.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń yọrí sí rere. Denmark fi owó orí sórí ọ̀rá nínú oúnjẹ ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, wọ́n sì wọ́gi lé e kí 2013 tó bẹ̀rẹ̀: àwọn oníṣòwò ráhùn, àwọn ará ìlú ń sọdá ààlà lọ ra ọjà. Owó orí tí kò bá ní ẹsẹ̀ láàárín àwọn olóṣèlú kì í pẹ́.

Kíkọ iye kálórì sílẹ̀ àti fífi àmì sára páálí ńkọ́?

Nọ́ńbà kálórì nílé oúnjẹ ń ṣe díẹ̀, díẹ̀ gan-an: àkópọ̀ ìwádìí fi hàn pé lára oúnjẹ tó jẹ́ kálórì 600, bíi 11 ló ń yọ kúrò. Àmì tó ń kìlọ̀ lójú ẹsẹ̀ lágbára jù. Láti 2016 ni Chile ti ń lẹ àmì dúdú onígun mẹ́jọ mọ́ oúnjẹ tí ṣúgà, iyọ̀, ọ̀rá tàbí kálórì rẹ̀ pọ̀ jù, tí wọ́n sì ká ìpolówó rẹ̀ fún àwọn ọmọdé lọ́wọ́ kò. Ríra ohun mímu aládùn wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí wọ́n bá ń fún èèyàn lówó kó lè dín ìwọ̀n kù?

Ó lè ṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, ìwádìí kan tí owó ìjọba gbé, tó jáde ní 2024, sọ fún àwọn ọkùnrin kan pé £400 wà nílẹ̀ fún wọn. Tí wọn kò bá kúnjú àfojúsùn, owó náà á máa dín kù. Wọ́n tún ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n ti fi ìdá 4.8 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn sílẹ̀. Àwọn tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan, ìdá 2.7, àwọn tí wọn kò ṣe nǹkan kan fún, ìdá 1.3. Kò sí ìpàdé, kò sí oúnjẹ pàtó.

Ṣé ilé tí èèyàn ń gbé kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn án ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Láàárín 1994 sí 1998, ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ́ gègé fún ìdílé 4,498 tí wọ́n ń gbé ilé ìjọba ní àdúgbò tí òṣì ti pọ̀ ní Baltimore, Boston, Chicago, Los Angeles àti New York. Àwọn kan rí ìwé ìrànwọ́ tí wọ́n lè fi yá ilé ní àdúgbò tí òṣì kò pọ̀. Ètò ilé ni, ẹnikẹ́ni kò bá wọn sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Nígbà tí wọ́n wọn àwọn obìnrin inú ìdílé wọ̀nyí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìsanrajù tó le gan-an àti àtọ̀gbẹ kò pọ̀ láàárín àwọn tó rí ìwé náà gbà tó bó ṣe pọ̀ láàárín àwọn tí kò rí i gbà. Mo máa ń rántí èsì yìí tí ẹnì kan bá ń ka ìsanrajù sí ọ̀rọ̀ ìkóra-ẹni-níjàánu nìkan. Àwọn obìnrin kan náà ni, àdúgbò ló yí padà.

Japan ń wọn ìbàdí àwọn èèyàn rẹ̀. Ṣé ìyẹn ṣiṣẹ́?

Láti 2008 ni wọ́n ti ń wọn ìbàdí àwọn tó wà láàárín ọdún 40 sí 74. Ọkùnrin tí tirẹ̀ bá pé sẹ̀ǹtímítà 85, tàbí obìnrin tí tirẹ̀ pé 90, tí àmì ewu mìíràn sì wà lára rẹ̀, wọ́n á pè é fún ìmọ̀ràn. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí fi ọkùnrin tó fi díẹ̀ kọjá ààlà náà wé àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibẹ̀, ìyàtọ̀ ìwọ̀n lẹ́yìn ọdún kan kò tó ìdajì kílò, ewu àrùn ọkàn kò sì yí padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pè ni kò lọ rárá. Wíwọn ara kì í ṣe ìtọ́jú.

Ìwádìí ńlá kan sọ pé dídín ìwọ̀n kù kò dá àrùn ọkàn dúró. Òótọ́ ni?

Look AHEAD ni ẹ ń sọ. Ìjọba Amẹ́ríkà ló gbé e kalẹ̀ fún èèyàn 5,145 tí wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó wà nínú ètò fi ìdá 8.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn sílẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní 2012 wọ́n dá a dúró, torí pé àrùn ọkàn àti rọpá-rọsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì.

Òótọ́ ni, a kò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìyókù pẹ̀lú: oògùn tí wọ́n ń lò dín kù, wọ́n ń rìn dáadáa jù, èémí tó ń ségesège lójú oorun dín kù. Àwọn èèyàn yìí ti ní àtọ̀gbẹ kí wọ́n tó wọlé, ọ̀wọ́ kejì náà sì ń gba ìtọ́jú tó dára. Da Qing tètè bẹ̀rẹ̀ kí àtọ̀gbẹ tó dé, èsì rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé kí ìjọba má dúró dìgbà tí àìsàn bá wọlé.

Abẹ́rẹ́ tuntun ti dé. Ṣé kí ìjọba kó gbogbo owó síbẹ̀?

Agbára rẹ̀ kò ṣeé sẹ́. Nínú ìwádìí kan ní 2021, àwọn tó lo semaglutide, ọ̀kan lára àwọn abẹ́rẹ́ náà, fi ìdá 14.9 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 68. Kò sí ìpàdé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ti padà. Ìyẹn ni pé owó náà kò ní òpin, àwọn kan sì wà tí èébì àti inú rírun kò jẹ́ kí wọ́n lè lò ó.

Ẹni tí ìsanrajù ti ń pa lára, ó yẹ kó rí i gbà, kódà tí kò bá lówó. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò tún àdúgbò ṣe, kò sì dí ẹni tó máa sanra lọ́dún tó ń bọ̀ lọ́wọ́.

Ètò pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí iye ìsanrajù kò wálẹ̀?

Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín 1992 sí 2020, ìjọba ibẹ̀ gbé ìlànà ńlá 14 jáde lórí ìsanrajù, pẹ̀lú ìgbésẹ̀ 689 nínú wọn. Àwọn tó ṣe ìṣirò yìí rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbésẹ̀ náà kò sọ ẹni tí yóò ṣe é, owó tí yóò gbé e, tàbí bí wọn yóò ṣe mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló kàn ń sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé kó ṣe dáadáa sí i. Ìwé tuntun á jáde, èyí àná á sì di ohun ìgbàgbé.

Àwọn ètò tó dára gan-an sì máa ń kéré. Nígbà tí ètò ìlera àwọn arúgbó ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún Diabetes Prevention Program ní 2018, àwọn tó wọ̀ ọ́ kéré gan-an sí iye tí wọ́n ń retí.

Ìjọba kéde pé ètò wọn yọrí sí rere. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

Ẹ wá iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe iye àwọn tó parí nìkan. Tí 1,000 bá wọlé, tí 300 parí, tí wọ́n sì ṣírò ìpíndọ́gba lórí 300 náà, àwọn tí kò rí àǹfààní ti kúrò nínú ìṣirò. Ẹ wo bóyá wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí kò ṣe ètò náà, nítorí ẹni tó wọn ara rẹ̀ nígbà tó wúwo jù lè padà wálẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n wọn èèyàn kẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta kò fi nǹkan kan hàn. Ọdún méjì sàn. Kí ẹ sì bi wọ́n léèrè irú èèyàn tó wọlé. Ètò tó jẹ́ pé àwọn tó ní àkókò, tó ní ọkọ̀, tó sì ní owó oúnjẹ tó dára nìkan ló ń rí i ṣe, àwọn tí ìsanrajù ń dà láàmù jù kò sí nínú iye tí wọ́n kà yẹn.